Fọ́tò ilé àtijọ́ ní Chicago: nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn kò bá ti ilé wa mu

Abẹ̀kẹ́ Lawndale

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti fẹ́ dìjà nílé wa.

Ilé greystone (ilé tí òkúta aláwọ̀ eérú wà níwájú rẹ̀) alájà méjì la rà ní North Lawndale, apá ìwọ̀-oòrùn Chicago, ní gúúsù Roosevelt Road. Màmá àgbàlagbà kan ń gbé lódìkejì wa, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ọmọdé ló wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọ àdúgbò yìí láti Mississippi. Lóṣù tó kọjá ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Memphis. Bó ṣe ń pín ẹrù fún ará àdúgbò ló fa póòsìkáàdì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ilé yín ló wà nínú ẹ̀ yẹn. Òkè àjà ilé wa ni bàbá mi ti rí i." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò gidi ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀. Ilé mẹ́ta tò síbẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Tàárín ní fèrèsé roboto tó yọ síwájú, òrùlé ṣóńṣó sì wà lórí fèrèsé náà. Obìnrin kan dúró lórí àtẹ̀gùn ilé tó wà lápá òsì, ó wọ épírọ́ọ̀nù funfun, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn. Lókè ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára gíláàsì. 15 ló fi bẹ̀rẹ̀. Tiwa, 35 ló fi bẹ̀rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ibi tí ilé parí sí, pápá lásán ni, koríko ti bò ó. Lókèèrè réré lẹ́yìn pápá yẹn, nǹkan gíga onígun mẹ́rin kan nà sókè bíi ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ n kò rí àgbélébùú lórí rẹ̀.

Ọkọ mi ní kò lè jẹ́ ilé wa. Nọ́ńbà ò bára mu. Ilé wa ní fèrèsé roboto lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ló ní i ní òpópónà yìí, kò sì sí òrùlé ṣóńṣó lórí tiwa. Pápá inú fọ́tò wà lápá ọ̀tún. Lónìí, ilé ló kún apá ọ̀tún wa dé oríta, apá òsì ni ilẹ̀ òfìfo wà. Ó ní arúgbó ti ṣi ilé mú. Èmi ò gbà. Ẹni tó ti ń wo ojú ilé kan láti kékeré, báwo ló ṣe máa ṣì í mú?

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá tiwa ni, àti ọdún tí wọ́n yà á? Kí ló sì dé tí n kò rí irú ilé wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Gbogbo ibi tí mo bá wá fọ́tò Chicago àtijọ́ sí, ilé àwòṣífìlà àárín ìlú ni wọ́n ń kó fún mi, àti ilé àwọn olówó Prairie Avenue.

Jẹ́jẹ́ Layé

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le. Ẹ gbé e sínú app tó ń kun fọ́tò àtijọ́ láwọ̀, gbogbo ẹ̀ á hàn kedere. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí Street View ti Google, kí ẹ fi wéra. Bó bá jọra, ẹ borí. Bí kò bá jọra, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín sùn.

Bàbá Bíríkì

Jẹ́jẹ́ Layé, o ṣeun, ọmọ, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi ń jẹun ní ìlú yìí. Ògiri àtijọ́ ni mo ń tún ṣe: mo ń gbẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ti kú kúrò láàárín bíríkì, mo sì ń fi tuntun dí i. Mo ti rí ilé òkúta tí app kùn di pupa fòò. App kò mọ òkúta yàtọ̀ sí bíríkì. Àwọ̀ tó bá wù ú ló ń fi sí i.

Ìyàwó wa, kí ẹ tó tún wo iwájú káàdì náà, ẹ yí i sẹ́yìn. Ṣé ìlà kan pín ẹ̀yìn sí méjì? Kí ni wọ́n tẹ̀ sínú àpótí kékeré tí wọ́n ń lẹ sítáàmpù sí? Ẹ tún sọ bí nọ́ńbà ilé yín ṣe parí. Òpin rẹ̀ nìkan o, ẹ má kọ àdírẹ́ẹ̀sì yín síta gbangba.

Abẹ̀kẹ́ Lawndale

Ẹ ṣé, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ìlà kan pín in sí méjì, àdírẹ́ẹ̀sì ló ni apá ọ̀tún. Wọ́n kọ AZO yí àpótí sítáàmpù ká, onígun mẹ́ta kékeré kan wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i, wọn ò fi ránṣẹ́ rí. Nọ́ńbà wa parí sí 38.

Bàbá Bíríkì

Ó dáa bẹ́ẹ̀.

AZO ni orúkọ bébà tí àwọn ayàwòrán fi ń ṣe irú káàdì yìí. Èyí tí onígun mẹ́ta rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè, àwọn tó ń kó póòsìkáàdì jọ máa ń kà á sí 1904 sí 1918. Lẹ́yìn ìyẹn, méjì kọjú sókè, méjì dorí kodò. Ìlà tó pín ẹ̀yìn sí méjì tún wá fún ọdún náà pọ̀. Oṣù kẹta 1907 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìn káàdì kan náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ló ni ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ a há a mọ́ etí àwòrán níwájú. Nítorí náà, káàdì yín kò lè ṣáájú 1907.

Nǹkan gíga tí ẹ rí lókèèrè yẹn, Sears ni. Kì í ṣe ilé àwòṣífìlà Sears ti àárín ìlú o, ìyẹn kò tíì sí nígbà náà. Ilé ìṣọ́ alájà mẹ́rìnlá tó wà ní Homan Avenue ni mò ń wí. Sears, Roebuck kọ́ ọ mọ́ ọgbà iṣẹ́ wọn ńlá ní 1905 sí 1906, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn tó yan ọjà nínú kátálọ́ọ̀gì wọn. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ọgbà náà, ilé ìṣọ́ ṣì wà, Nichols Tower ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ilé ìṣọ́ yẹn wà ní àríwá Roosevelt Road, ẹ̀yin wà ní gúúsù rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò kọjú sí àríwá nìyẹn, ilé tó sì yà kọjú sí gúúsù. Obìnrin tó ṣíji bojú náà ń jẹ́rìí: ìlú yìí kì í sábà rán oòrùn sí ojú ilé tó kọjú sí àríwá. Ó wá ku nọ́ńbà. Láti 1909, ilé tó bá wà ní apá àríwá òpópónà ní Chicago, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8. Tiyín parí sí 38. Arúgbó kò tíì ṣìnà.

Ṣé ẹ wá rí 15 yẹn, òun ló dùn mọ́ mi jù. Kó tó di 1909, nọ́ńbà ilé ní Chicago kò ní orí, kò ní ìdí. Apá kọ̀ọ̀kan ìlú ń ka tirẹ̀ láti ibi tó wù ú, orúkọ òpópónà kan náà sì lè wà ní ibi mẹ́ta, nítorí àwọn ìlú tí Chicago gbé mì ní 1889 kó orúkọ tiwọn dání wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Edward Brennan ló tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n tún un tò. Nígbà tí ìlú gbà, wọ́n fi oríta State àti Madison ṣe òdo, wọ́n fún máìlì kọ̀ọ̀kan ní 800 nọ́ńbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1909. Àárín ìlú ló dúró di 1911. Ẹ wá fojú inú wo àwọn tó ń pín lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé fọ́tò kì í ṣe ti ilé àwọn nìyí. Wọ́n ń fi nọ́ńbà òní wá ilé àná. Ìwé kan wà tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1909 náà, nọ́ńbà àtijọ́ lápá kan, tuntun lápá kejì, òpópónà lẹ́yìn òpópónà. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá "Plan of Re-Numbering, City of Chicago". Ẹ lọ sí òpópónà yín nínú rẹ̀, ẹ wo ohun tí 15 yẹn dà.

N kò ní búra pé fọ́tò náà kò kọjá oṣù kẹsàn-án 1909, nítorí àwọn onílé mìíràn lè má tètè pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n 1907 sí nǹkan bí 1910 ni mo fi owó mi lé.

Ẹ tún wo àwọ̀ òkúta. Dúdú àti funfun ni fọ́tò, àmọ́ dúdú ju dúdú lọ. Indiana ni òkúta iwájú greystone ti ń wá, láti agbègbè Bedford, ó sì máa ń mọ́ rekete bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè. Èédú ni gbogbo ìlú ń dá nígbà náà, èéfín rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó lẹ̀ mọ́ ojú ògiri. Mo ti fọ irú ojú ilé bẹ́ẹ̀ rí, omi tó ń ṣàn wálẹ̀ dúdú kirikiri. Bí ọ̀kan nínú ilé mẹ́ta náà bá ṣókùnkùn ju àwọn tó kù lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Iwájú nìkan sì ni òkúta wà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilé tọ̀tún tó kọjú sí pápá, ẹ ó rí i pé bíríkì lásán ni, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Onílé mọ̀ pé láìpẹ́ ẹnìkan á kọ́lé dí i. Wọ́n sì kọ́ ọ lóòótọ́, àwọn ilé tí ọkọ yín ń wò lónìí dé oríta nìyẹn.

Ó ku òrùlé ṣóńṣó. Kí ọkọ yín gòkè lọ sẹ́yìn ògiri iwájú ilé, lókè fèrèsé roboto. Bí wọ́n bá ti gé òrùlé kúrò níbẹ̀ rí, bíríkì tí wọ́n fi dí i kò ní bá ti àtijọ́ dọ́gba, ìpele rẹ̀ á yàtọ̀, sìmẹ́ǹtì àárín rẹ̀ á le ju ti àtijọ́ tó jẹ́ ẹfun lọ. Kó fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Ti àtijọ́ á bó lulẹ̀.

Ẹ lè lo máàpù Sanborn pẹ̀lú. Wọ́n yà wọ́n fún àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí wọ́n lè mọ ilé tí iná á tètè jó: píǹkì ni bíríkì, yẹ́lò ni pákó, búlúù ni òkúta. Ẹ ó rí ilé kọ̀ọ̀kan bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, títí kan iwájú tó bá ṣe roboto. Library of Congress ti gbé ọ̀pọ̀ síta.

Tòkunbọ̀ Detroit

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Níbí, ìjọba ìlú ló ya ilé àwọn mẹ̀kúnnù Black Bottom, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1949 àti 1950, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, nítorí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Wọ́n yà wọ́n tán, wọ́n wó wọn. Àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń pè ní Lafayette Park àti ọ̀nà márosẹ̀ ló wà níbẹ̀ lónìí. Àwọn fọ́tò yẹn wà ní láíbúrárì ìlú Detroit, ẹ̀rí tí wọ́n fi gbalé ló wá di ohun tí àwọn ọmọ onílé ń wò.

Bàbá Bíríkì

O ti dáhùn ìbéèrè tó kù fún mi, Tòkunbọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Detroit ló ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo.

Ilé àwòṣífìlà ń ta póòsìkáàdì. Olówó Prairie Avenue ń sanwó fún ayàwòrán. Two-flat, ilé alájà méjì tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé yìí, ta ló fẹ́ yà á? Àfi ayàwòrán alárìnkiri tó kanlẹ̀kùn tó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ káàdì ilé yín?" Irú tiyín nìyẹn, orí ló bá yín ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wàhálà ló ń mú kámẹ́rà wá sí òpópónà wa. Nítorí náà ẹ má wá ilé, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé, kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú fọ́tò.

Ní Lawndale tiyín, 1966 ni Martin Luther King wá gbé ní 1550 South Hamlin, nínú fúláàtì kan tó ti bàjẹ́, láti fi bí wọ́n ṣe ń fi ilé rẹ́ aláwọ̀ dúdú jẹ han gbogbo ayé. Àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ń wo King. Ẹ̀yin ẹ wo fèrèsé àti àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹrin 1968, lẹ́yìn tí wọ́n pa á, iná jó Roosevelt Road, kámẹ́rà tún dé.

Èyí tó bá yín mu jù ni ti Contract Buyers League. Nígbà náà, báǹkì kì í sábà yá aláwọ̀ dúdú lówó ilé láwọn àdúgbò báyẹn, orí kọ́ńtíráàtì ni ọ̀pọ̀ ń rà á. Ẹni tó tà á á fi owó gọbọi lé orí iye tí ilé tó, á máa gba tirẹ̀ lóṣooṣù, ìwé ilé ṣì wà lápò rẹ̀. Bí olùrà bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè lé e jáde, gbogbo ohun tó ti san a wọgbó. 1968 ni àwọn olùrà ní Lawndale dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, wọ́n kọ̀, wọn ò san mọ́. Ní 1970 àwọn agbófinró ń kó ẹrù wọn síta, àwọn ayàwòrán sì yà á. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ló wà lẹ́bàá ọ̀nà nínú àwọn fọ́tò yẹn, greystone ló tò lẹ́yìn wọn. Bóyá ẹ ó rí ilé màmá yẹn gan-an.

Fún ìgbà àtijọ́, ìwé ìròyìn Chicago Daily News fi négátíìfù tó lé ní 55,000 sílẹ̀, 1902 sí 1933, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí gíláàsì. Chicago History Museum ló ń tọ́jú wọn. Ẹ fi ìjàǹbá ọkọ̀, ìyanṣẹ́lódì tàbí ìbò wá a, kì í ṣe orúkọ ilé. Ẹ sì rántí pé Roosevelt Road kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú 1919. 12th Street ni.

Ilé ńlá pàápàá, ìgbà tí ikú bá dé ni wọ́n ń yà wọ́n dáadáa. Wọ́n kọ́ Mecca Flats, ilé fúláàtì ńlá kan, ní 1892, wọ́n wó o ní 1952, Crown Hall, ilé ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ ilé kíkọ́ Mies van der Rohe gbé kalẹ̀, ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn fọ́tò inú rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ìgbà tó ń kú lọ ni wọ́n yà wọ́n. Richard Nickel, ayàwòrán kan, fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Òun ló ń ya àwọn ilé tí onímọ̀ ilé kíkọ́ Louis Sullivan gbé kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wó wọn, tó tún ń yọ ọ̀ṣọ́ ara wọn. Oṣù kẹrin 1972, Stock Exchange, ọ̀kan nínú àwọn ilé Sullivan, wó lé e lórí níbi tó ti ń ṣa nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Bí mo bá wọ ilé tí wọ́n ń wó láti lọ kó bíríkì, mo máa ń kọ́kọ́ wo òkè.

Abẹ̀kẹ́ Lawndale

Bàbá! Mo rí ìwé 1909 yẹn. Nọ́ńbà orí gíláàsì yẹn, 42 ló dà. 42 kò sí ní òpópónà wa mọ́, òun ni ilẹ̀ òfìfo tó wà lápá òsì wa! Ilé tí obìnrin yẹn dúró sí ni wọ́n ti wó. Tiwa ni tàárín, òun ló ní òrùlé ṣóńṣó. Òkúta ti obìnrin yẹn ló sì ṣókùnkùn jù, bí ẹ ṣe wí.

Ọkọ mi ti gòkè. Ó ní ìpele márùn-ún bíríkì yàtọ̀, wọ́n pupa ju ìyókù lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á, kò bó. Ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà sí i lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Látìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀ ló ti ń fi káàdì náà han gbogbo àlejò, ó ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. A fẹ́ ra ilẹ̀ 42 yẹn lọ́wọ́ ìlú, kí a máa gbin ewébẹ̀ sí i. Ṣé nǹkan ilé yẹn ṣì lè wà nísàlẹ̀?

Bàbá Bíríkì

Ẹ kí ọkọ yín, ẹ ní mo ní ó kú ìfura.

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wó ilé máa ń ti àlàpà sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á lọ. Ẹ fi fọ́tò ṣe òdiwọ̀n ibi tí àtẹ̀gùn wà, ẹ gbẹ́ ihò kékeré síbẹ̀. Kí ẹ tó gbin ohunkóhun tí ẹ máa jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò, nítorí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, ó sì máa ń dúró sínú ilẹ̀. Ó sàn kí ẹ kan àpótí pákó, kí ẹ ra iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀.

Káàdì yẹn, ẹ fi skánà yà á tẹ̀yìn-tiwájú, ẹ má fi nylon gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí màmá ní Memphis.

Bí ṣọ́bìrì yín bá sì kan òkúta gígùn tí wọ́n gé létí tónítóní, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì jẹ́ kí akólẹ̀ gbé e. Àtẹ̀gùn ni. Ẹ kọ̀wé sí mi níbí, mò ń wá irú rẹ̀ fún ilé kan tí ìpele méjì ti fọ́ nínú tirẹ̀, owó tí wọ́n ń pè fún tuntun kò ṣeé gbọ́ sétí.